Àwòrán Pétérù Lára Ògiri Ìjọ Òkè-Ìsà

Àwẹ̀ró ni orúkọ obìnrin náà. Kí ó tó di onígbàgbọ́, ògiri ojúbọ ni ó máa ń kùn. Nígbà tí ó sì gba Jésù, ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé iṣẹ́. Nígbà tí ìjọ Òkè-Ìsà kọ́ ilé tuntun, òun ni wọ́n ní kí ó ya Pétérù sára ògiri iwájú, níbi tí áńgẹ́lì ti wá tú u sílẹ̀ nínú túbú, kí àwọn tí kò mọ̀wé lè máa fi ojú kà á.

Bàbá Ìjọ Láléyẹ kìlọ̀ fún un. "Má fi dúdú kan ilé Ọlọ́run o. Ojúbọ ni kí o fi dúdú sílẹ̀ sí."

Àwẹ̀ró gbọ́. Ẹfun ni ó fi kun ògiri, ẹfun náà ni ó fi ya áńgẹ́lì, ó wá fi osùn díẹ̀ ya Pétérù. Àwọn obìnrin ìjọ wọlé wá wò ó, wọ́n ń yí ọrùn kiri.

"Ìyá, áńgẹ́lì ńkọ́?"

"Òun nìyẹn."

"Níbo? Pétérù nìkan ni mo rí. Ó jọ ẹni tó ń sá fún ìyàwó."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó dun Àwẹ̀ró wọra, ṣùgbọ́n wọn kò purọ́. Bí lékèélékèé bá bà sórí òwú, ta ni yóò rí i?

Bàbá Ìjọ ní, "Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde. Bí èyí kò bá dára kó tó dé, n ó kùn ún pa, o kò sì ní fọwọ́ kan ògiri ìjọ yìí mọ́ láyé."

Àwẹ̀ró kò sunkún; ẹkún kì í kun ògiri. Ó ń lọ láti ilé dé ilé. "Ẹ gbé ìkòkò yín wá, kí n bá yín ha ìdí rẹ̀." Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú, ṣùgbọ́n ta ni kò fẹ́ kí wọ́n bá òun ha ìkòkò? Ó kó èédú ìdí ìkòkò náà jọ, ó pò ó mọ́ omi, ó sì fi kun ògiri títí túbú Pétérù fi ṣú biribiri. Áńgẹ́lì tí wọn kò rí tẹ́lẹ̀ wá parẹ́ pátápátá.

Bàbá Ìjọ gbọ́. Ó gbé korobá ẹfun àti búrọ́ọ̀ṣì dé pẹ̀lú ìbínú, àwọn obìnrin ìjọ sì tẹ̀ lé e.

"Àwẹ̀ró! O ti sọ ilé Ọlọ́run di ilé ìdáná! Yẹra kí n pa á rẹ́."

"Ẹ pa èmi náà rẹ́ mọ́ ọn, Bàbá. Mi ò yẹra." Ó na ọwọ́. "Ẹfun ọwọ́ yín yẹn gan-an ló kù. Ẹ fún mi díẹ̀. Bí kò bá dára, ẹ kùn ún tán, n ó sì máa lọ."

Bàbá gbé e fún un, kí ọ̀rọ̀ lè tètè tán. Àwẹ̀ró ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ẹfun, ó fà á láti òkè wá sílẹ̀. Áńgẹ́lì yọ nínú òkùnkùn bí ẹni ṣílẹ̀kùn wọlé. Ó fi ẹfun kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Pétérù, ó fi kan ẹ̀wọ̀n tó já lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Ìjọ kò mọ ìgbà tí ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Àwẹ̀ró tún na búrọ́ọ̀ṣì sí igun tó ṣú jù, ó ní òun ó fi funfun díẹ̀ kan ibẹ̀, nítorí Bàbá kò fẹ́ dúdú. Bàbá fò dìde, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Rárá o! Má fọwọ́ kan dúdú yẹn! Bí o bá mú un kúrò, báwo la ṣe máa rí áńgẹ́lì?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà délé, ó sì di ohun tí àgbà fi ń gba ọmọ níyànjú títí dòní pé: òkùnkùn ní í bu iyì kún ìmọ́lẹ̀.