Orin Tí Ẹgà Kọ Lójú Àwọn Ọlọ́lá

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fìrì, kò bà lé igi, kò bà lé òrùlé, orí Ẹgà ẹlẹ́nu dídùn ló bà lé, Ẹgà ọ̀rẹ́ àwọn ìyàwó ọlọ́lá.

Ẹ sún mọ́ mi. Ìwọ tó o ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó bẹ̀rẹ̀, fi díẹ̀ pamọ́, ẹ̀rín ṣì ń bọ̀.

Nílùú àwọn ẹyẹ láyé àtijọ́, kò sí olórin tó dà bí Ẹgà. Kò nílé, kò lóko, ṣùgbọ́n bó bá la ẹnu, ẹni tó ń jà á jókòó. Ìdí nìyẹn táwọn ìyàwó ọlọ́lá fi gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ọ̀kín wà níbẹ̀, aya ọba, onírù gígùn. Àlùkò wà níbẹ̀, aya Balógun, tí ọkọ rẹ̀ ń fi ọbẹ̀ rẹ̀ yangàn káàkiri. Lékeléke aláṣọ funfun náà wà níbẹ̀, tó ní òun kì í jẹ nǹkan kan àfi oyin. Oríkì ni Ẹgà fi ń kí wọn láràárọ̀: á pe Ọ̀kín ní Àyìnkẹ́, á pe Àlùkò ní Àwẹ̀ró, á pe Lékeléke ní Àṣàkẹ́. Inú wọn á dùn, wọn á bu oúnjẹ fún un.

Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń dirun, á ránṣẹ́ pe Ẹgà kó wá máa dá òun lára yá. Bí onídìrí bá ti kẹ́rù lọ tán, orí á fúyẹ́, ẹnu náà á fúyẹ́.

“Ẹgà, ọkọ mi,” Ọ̀kín wí, “má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Oko ìyá mi tí mo ní mò ń lọ lọ́dọọdún, irọ́ ni. Iyàrá ni mò ń sá pamọ́ sí. Ìrù mi ló máa ń re, tí ìdí mi á wà ní bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀!”

Àlùkò ní tirẹ̀ wí pé, “Ọbẹ̀ tí Balógun ń yìn yẹn, ọ̀dọ̀ Ẹyẹlé ni mo ti ń rà á. Èmi ò mọ bí wọ́n ti ń gbé ìkòkò kaná.”

“Háà, ìyá mi! Inú mi, kànga ni,” Ẹgà á dáhùn. “Ohun tó bá já sí i, ó rì nìyẹn.”

Ti Lékeléke yàtọ̀. Lọ́jọ́ tí òjò pa Ẹgà tó ń gbọ̀n, òun ló ṣílẹ̀kùn fún un, tó fi aṣọ funfun rẹ̀ nù ún gbẹ, tó ní, “Máa sùn síbí.” Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni Ẹgà ń gbé látìgbà náà, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Lékeléke náà sọ tirẹ̀ fún un tìtìjú-tìtìjú: “Ẹgà, oyin ò yó mi. Abẹ́ ikùn màlúù ni mò ń yọ́ lọ, mò ń ṣa eégbọn jẹ.”

Ọdún ẹyẹ wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Àṣà wọn ni pé orin tí etí kò gbọ́ rí ni olórin gbọ́dọ̀ gbé wá. Ẹgà sì ti ń fọ́nnu tipẹ́: “Orin ńlá ń bọ̀! Ẹ ó jó títí ẹsẹ̀ á fi bó!” Ìlérí yẹn ló ń jẹ, òun ló ń mu. Nígbà tó wá wo inú ara rẹ̀, kò bá orin kankan níbẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ṣebí àṣírí kún inú mi? ‘Obìnrin kan’ ni màá máa pè wọ́n. Ta ni yóò mọ̀?”

Ọjọ́ pé, gbogbo ẹyẹ péjọ. Ẹgà gun orí àpáta. Ẹ bá mi gbè é o, “Wẹ̀rẹ́ńwẹ̀” lègbè yín!

Obìnrin kan ń bẹ nílùú yìí o,
*Wẹ̀rẹ́ńwẹ̀.*
Ó lóun ń re oko ìyá o,
*Wẹ̀rẹ́ńwẹ̀.*
Ìrù re tán, ó sá pamọ́ o,
*Wẹ̀rẹ́ńwẹ̀.*

Àwùjọ hó yèè! Àlùkò rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Orí Ẹgà wú. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé orin obìnrin tí kò ní oríkì nínú, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni. Ẹnu tí kíkí wọn láràárọ̀ ti mọ́ lára bá já fúnra rẹ̀:

Àyìnkẹ́ o, ìdí bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀,
*Wẹ̀rẹ́ńwẹ̀!*

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ọ̀kín. Àlùkò ní, “Ó tọ́ sí i! Máa kọ ọ́ lọ, ọkọ mi!”

Ó kúkú kọ ọ́ lọ.

Àwẹ̀ró o, ọbẹ̀ ilé Ẹyẹlé,
*Wẹ̀rẹ́ńwẹ̀!*

Ẹ̀rín gbẹ mọ́ Àlùkò lẹ́nu. Balógun dìde dúró. Lékeléke ṣì ń gbè, ó ń jó, aṣọ funfun ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ẹgà rí i. Ìbá dákẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbá dákẹ́! Ṣùgbọ́n àwùjọ ń ké pé, “Òmíràn! Òmíràn!” igbe náà sì dùn mọ́ ọn.

Àṣàkẹ́ o, eégbọn abẹ́ màlúù,
*Wẹ̀rẹ́ńwẹ̀!*

Ọ̀kín fò mọ́ ọn, Àlùkò fi ẹnu sọ ọ́ lórí, Balógun gbá a létí. Ìyẹ́ Ẹgà ń fò kiri bí òwú. Lékeléke kò sọ ọ́, kò bú u. Ó wé aṣọ mọ́ra, ó gba ilé lọ.

Ẹgà sáré tẹ̀lé e. Ó bá ilẹ̀kùn ní títì.

“Àṣàkẹ́, ìyá mi, orin lásán ni! ‘Obìnrin kan’ ni mo pè yín!”

Inú ilé ni Lékeléke ti dá a lóhùn. “Orin rẹ dùn, Ẹgà. Èmi pàápàá ń gbè é, kí n tó mọ̀ pé èmi ló kàn.”

Kò sì ṣílẹ̀kùn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹgà bà sórí ọ̀pẹ tó kọjú sílé náà, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.” Ó ṣàlàyé títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ṣàlàyé títí ó fi bímọ, àwọn ọmọ bá a ṣàlàyé, àwọn ọmọ ọmọ náà dá sí i. Ìdí rèé tí ẹgà fi ń pariwo lórí ọ̀pẹ láti àárọ̀ dé alẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í dúró béèrè pé, kí lo wí?

Ibi tí mo sin àlọ́ dé rèé, mo fẹ̀yìn rìn padà. Bí mo bá parọ́ mọ́ Ẹgà, kí agogo ẹnu mi yadi. Bí n kò bá parọ́, ẹ gbọ́ ọ: pó! pó! pó! Ẹni tó bá sì mọ àṣírí mi níbí, kó jọ̀ọ́, kó gbé e sùn.