Aró Sìmíátù àti Omi Gáréèjì

Ní ìlú Ìdí-Òwú, níbi tí àwọn ọkùnrin ti máa ń hun òfì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, obìnrin kan wà tó ń ta aró fún wọn. Sìmíátù ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Aláró ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ìwé kẹta ló ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ṣúgà. Bí ahunṣọ kan bá wá ráhùn pé aró ṣí lára òwú òun, á ní, “Ṣé o se òwú náà dénú, àbí ńṣe lo kàn fi kan omi?” Onítọ̀hún á wolẹ̀, nítorí pé òótọ́ ni.

Nínú gbogbo aró tó ń tà, ọ̀kan wà tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń pò ó. Aró àwọ̀ ewé ni. Ó máa ń mú lẹ́búlẹ́bú aró búlúù àti ti àwọ̀ ìyeyè lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí òṣùwọ̀n rẹ̀, á pò wọ́n pọ̀, á sì dì wọ́n sínú ọ̀rá kéékèèké. Kò sí àwọ̀ ewé tó tutù lójú tó tirẹ̀ láti Ìdí-Òwú títí dé Ṣakí. Ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í fi bò.

Ọkọ rẹ̀, Kàsúmù, ní mọ́tò akérò kan tó ń ná ọ̀nà Ìbàdàn. Nígbà tí Kàsúmù kú, mọ́tò yẹn nìkan ló fi sílẹ̀ tó lè ran aró lọ́wọ́ láti bọ́ ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, àwọn ẹbí jókòó lé e lórí. Jìnádù, àbúrò Kàsúmù, ní obìnrin kò mọ ohun tí mọ́tò ń jẹ, kí wọ́n gbé e fún òun kí òun tú u tà kó tó dípẹtà. Sìmíátù ní òun kò gbé e sílẹ̀. Wọ́n jiyàn títí oòrùn fi wọ̀. Níkẹyìn, àwọn àgbà ní kó wà lọ́wọ́ ìyàwó, ṣùgbọ́n bó bá dákẹ́ sójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì, kí Jìnádù wá mú un lọ.

Kò pé oṣù kan tó fi dákẹ́ ti àkọ́kọ́. Àárín òkè Abàtì ló ti hó bí ìkòkò ẹ̀kọ, èéfín bo iwájú rẹ̀, àwọn èrò bọ́ọ́lẹ̀, wọ́n ń bú dírẹ́bà. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, Jìnádù ti dé ẹnu ọ̀nà Sìmíátù, ó ń fọwọ́ nu ẹnu bí ẹni tó ti jẹun.

“Ìyàwó wa, ẹ kú ewu. Ó ku ẹyọ kan o.”

“Mo gbọ́, ọkọ mi,” ni Sìmíátù dáhùn. “Ẹ wá àga jókòó kẹ́ ẹ máa retí rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá retí rẹ̀ lóròó, ẹsẹ̀ á dùn yín.”

Ṣùgbọ́n nígbà tí Jìnádù lọ tán, obìnrin náà jókòó, ó ń ronú. Kí ló dé tí mọ́tò tí kò hó rí nígbà ayé Kàsúmù fi wá ń hó báyìí?

Àṣà kan wà ní gáréèjì Ìdí-Òwú. Kí mọ́tò tó gba èrò, dírẹ́bà gbọ́dọ̀ ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kí alága gáréèjì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rábíù, yọjú wo inú rédíétọ̀, ibi tí omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù máa ń wà. Omi ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, irú èyí tí alága fúnra rẹ̀ ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì. Omi gáréèjì ni wọ́n ń pè é. “Kúláǹtì gidi rèé,” ni alága máa ń wí. “Ẹ wo bó ṣe tutù minimini! Ta ló rí ewé tó gbóná rí?” Àwọn dírẹ́bà gbà á gbọ́. Bí mọ́tò ẹnì kan bá sì hó, wọ́n á ní ó ti dẹ́ṣẹ̀ kan ni, tàbí pé kò ra omi gáréèjì tó. Kàsúmù nìkan ni kì í rà á. Ìbàdàn ló ti ń ra tirẹ̀ wá, alága sì máa ń dijú sí i nítorí ọ̀rẹ́ ìgbà èwe ni wọ́n. Nígbà tí Kàsúmù kú, Gbàdàmọ́sí, dírẹ́bà tí Sìmíátù gbà, kò ní ojú tí yóò fi sọ fún alága pé rárá.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí mọ́tò hó, Sìmíátù wọ inú rẹ̀ lọ, ó tú gbogbo ibi tí ọkọ rẹ̀ máa ń kó nǹkan sí. Lábẹ́ àwọn àkísà, ó rí ìwé ìlò tí wọ́n fi kún mọ́tò náà nígbà tí wọ́n tà á. Òróró ti sọ ìwé ọ̀hún di dúdú, Kàsúmù sì ti ṣẹ́ etí ojú ewé kan po. Wọ́n ya rédíétọ̀ sí ojú ewé yẹn, wọ́n sì kọ lẹ́tà mẹ́rin àti nọ́ńbà méjì sí abẹ́ rẹ̀. Sìmíátù kò lè kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bí sáàárín ahunṣọ kò lè ṣàìmọ bátànì kan yàtọ̀ sí èkejì. Ó mú èédú, ó ya àwọn lẹ́tà náà sẹ́yìn páálí bí wọ́n ṣe tò gẹ́lẹ́, ó sì wọ mọ́tò ẹlòmíràn lọ sí Ìbàdàn.

Ní ọjà páàtì, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ọkùnrin tí Kàsúmù máa ń ra kúláǹtì lọ́wọ́ rẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì pupa kan sí i lọ́wọ́. “Ìyá, pupa ni Bàbá máa ń rà. Mo rántí.”

Sìmíátù gbé páálí rẹ̀ ti ara kẹ́ẹ̀gì náà. “Bátànì rẹ̀ kò bá tèmi mu. Ẹ gbé e padà.”

“Ṣùgbọ́n pupa náà ni.”

“Ọ̀gbẹ́ni, mo gbọ́. Ẹ gbé òmíràn wá.”

Ó wo mẹ́rin, ó kọ mẹ́rin. Ìkarùn-ún ni lẹ́tà rẹ̀ bá a mu pátápátá. Àwọ̀ ìyeyè ni. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Oríṣi tí Bàbá ń rà náà ni, Ìyá; pupa tí mo kọ́kọ́ gbé wá kì í ṣe é. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe èyí, àwọ̀ tó wù wọ́n ni wọ́n fi sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í gbà bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.”

“Àwọ̀ ni mo ń tà,” ni Sìmíátù wí. “Ẹ ò lè fi bà mí lẹ́rù.”

Ọkùnrin náà kìlọ̀ fún un kó má dà á lé òmíràn lórí, nítorí pé oríṣi méjì tí kò bára mu lè dì bí ògì nínú ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, nígbà tó délé, ó ní kí Gbàdàmọ́sí kọ́kọ́ tú omi gáréèjì jáde. Ohun tó jáde pọ́n bí omi ìpẹtà. Wọ́n fi omi tó mọ́ ṣàn án títí ó fi mọ́ gaara, kí wọ́n tó da ti ìyeyè sí i.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ tàn kálẹ̀ ní ìlú ahunṣọ. Nígbà tí wọ́n wa mọ́tò dé gáréèjì láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, Jìnádù ti wà níbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ìyá Aláró náà wà níwájú mọ́tò, ó fi ìborùn funfun bo orí, ẹrù aró rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alága Rábíù ṣí rédíétọ̀, ó yọjú wò ó, ó sì fò sẹ́yìn.

“Gbàdà! Kí lèyí? Ṣé ẹ tọ̀ sí i ni?”

Gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Ìyá Aláró fẹ́ pa mọ́tò láró!”

“Ìtọ̀ tí kò bá jẹ́ kó hó,” ni Sìmíátù wí, “ó sàn ju ewé tó ń hó lọ.”

Alága gbé ojú le. “Ìyá, ẹ bọ̀wọ̀ fún gáréèjì. Ẹ da ìdọ̀tí yìí nù kẹ́ ẹ fi omi gáréèjì sí i, tàbí kẹ́ ẹ wa mọ́tò yín padà sílé. Kò ní gba èrò níbí.”

“Mo kọ̀.”

“Ẹ kọ̀?”

“Mo kọ̀, mo kọ̀, mo kọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nìyẹn. Àwọn ààfáà ní bí ọkọ bá kọ aya lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sí ìpadàbọ̀ mọ́.”

Jìnádù ti ibi ògiri sọ̀rọ̀. “Ẹ fi í sílẹ̀, Alága. Ẹ jẹ́ kó lọ hó lórí òkè. Mo ti ṣe tán.”

Ṣùgbọ́n inú ti ń bí alága. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi gáréèjì fúnra rẹ̀, ó fẹ́ dà á sínú rédíétọ̀ tipátipá. Sìmíátù na ọwọ́ bo ẹnu rédíétọ̀. Kẹ́ẹ̀gì gbọ̀n, omi náà ta, ó sì balẹ̀ sí etí ìborùn funfun obìnrin náà.

Ó fẹ́ bú u. Ẹnu rẹ̀ ti là. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí nǹkan, ó sì pa ẹnu náà dé.

Àbàwọ́n náà ń fẹ̀ lára òwú. Bó ṣe ń fẹ̀ ni àwọ̀ ewé inú rẹ̀ ń pín sí méjì: búlúù ń sá lọ síta bí òrùka, ìyeyè ń dúró sí àárín. Ogún ọdún ni Sìmíátù ti ń rí irú àbàwọ́n yìí lára ìró ara rẹ̀, lára àpò, lára ìka àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bímọ kì í wo ọmọ rẹ̀ lójú kó béèrè pé ọmọ ta ni.

Ohùn rẹ̀ wá sílẹ̀. “Alága, ta ló ń hun òfì nílé yín?”

“Òfì kẹ̀? Èmi ọmọ dírẹ́bà?”

“Kò sí ẹnì kan rárá?”

“Kò sí. Baba tó bí mi lọ́mọ gan-an kò mọ bí wọ́n ṣe ń ju ọ̀kọ̀ òfì.”

“Kí wá ni Mùínátù, ìyàwó yín, ń fi ọ̀rá mẹ́wàá aró àwọ̀ ewé ṣe, tó fi ń wá rà á lọ́dọ̀ mi ní gbogbo ọjọ́ ọjà?”

Alága gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. “Aró pọ̀ láyé,” ló wí.

“Irú tèmi kò pọ̀.” Sìmíátù tú ẹrù rẹ̀, ó fa ọ̀rá aró kan já, ó pò ó mọ́ omi nínú abọ́, ó sì kán an sí etí kejì ìborùn náà. Gbogbo wọn sún mọ́ ọn. Wọ́n dúró. Díẹ̀díẹ̀, òrùka búlúù jáde síta, ìyeyè dúró sínú. Bàbá Làmídì, dírẹ́bà tó dàgbà jù nínú wọn, tí ẹ́ńjìnnì méjì ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín ọdún mẹ́ta, mú etí ìborùn méjèèjì, ó gbé wọn ti ara wọn.

“Ìbejì ni wọ́n,” ló wí. Ó wá gbójú sókè. “Rábíù, aró lo ti ń fún wa látọjọ́ yìí? Omi kànga àti aró?”

Alága nawọ́ sí Sìmíátù. “Ẹ bi òun náà! Ṣebí òun ló tà á!”

Gbogbo ojú yí sí obìnrin náà. Kò sá fún wọn.

“Ó sọ òótọ́. Èmi ni mo pò ó, èmi ni mo tà á. Mi ò mọ ibi tó ń lọ, mi ò sì béèrè, nítorí ọjà mi ń tà. Aró tí mo fọwọ́ ara mi pò ló mú mọ́tò ọkọ mi hó lórí òkè Abàtì. Ẹ̀bi tèmi rèé, mo ti gbé e. Alága, ẹ gbé tiyín.”

Alága kò gbé nǹkan kan. Ẹ̀yìn mọ́tò ló gbà lọ, kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Jìnádù náà ti ń fi ẹ̀yìn rìn.

“Ọkọ mi, ẹ dúró,” ni Sìmíátù wí. “Ẹ délé kẹ́ ẹ sọ fún àwọn àgbà pé híhó àkọ́kọ́ kì í ṣe ti mọ́tò mi, ti omi gáréèjì ni. Ẹ̀rí mi rèé, Bàbá Làmídì ló dì í mú yìí. Kò tíì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ku méjì.”

“Mo jẹ́rìí sí i,” ni Bàbá Làmídì wí.

Ibẹ̀ ni ariwo ti sọ. Àwọn dírẹ́bà ń da omi gáréèjì nù, wọ́n ń pariwo lé ara wọn lórí. “Ìyeyè! Ìyeyè ló dáa!” “Ìyá, bí ẹ bá ń lọ sí Ìbàdàn, ẹ bá mi ra ìyeyè!” “Ẹ bá èmi náà ra ìyeyè, Ìyá wa!” Àwọn tó fi í ṣe ẹlẹ́yà ní ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n tún ń pè é ní Ìyá wa.

Èyí gan-an ló bí Sìmíátù nínú ju ti alága lọ. Ó fi ọwọ́ gbá bónẹ́ẹ̀tì.

“Kí ló ń ṣe ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí? Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ewé, ẹ tún fẹ́ kó sọ́wọ́ ìyeyè! Bí mo bá po aró ìyeyè fún yín lọ́la, ṣé ẹ ò ní mu ún? Bàbá Làmídì, mọ́tò yín kì í ṣe irú tèmi. Ìyeyè tó ń gbé tèmi lè dì bí ògì nínú tiyín. Ẹ lọ ṣí ìwé mọ́tò yín. Ẹni tó lè kà, kó kà á. Ẹni tí kò lè kà, kó yà á. Èmi náà yà á ni! Ogún ọdún ni mo fi ta àwọ̀, kí n sọ ohun tí mo mọ̀ fún yín: ojú ló ń jẹ àwọ̀. Àwọ̀ kọ́ ni ẹ́ńjìnnì ń mu.”

Mọ́tò Kàsúmù gba èrò lọ́jọ́ náà, ó gun òkè Abàtì láìmí gúlegúle. Ìyá Aláró kò ta aró àwọ̀ ewé fún ẹni tí kò lè fi òwú hàn án mọ́. Ní ti Jìnádù, ó ṣì ń retí. Wọ́n ní ó ti rí àga.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, bí àwọn àgbà Ìdí-Òwú bá rí ẹni tó fẹ́ fi dídán nìkan yan ohun tí yóò gbé ẹ̀mí rẹ̀, ìbáà ṣe ọkọ, aya tàbí ọ̀rẹ́, wọ́n á pa á lówe fún un pé: “Ojú ló ń jẹ àwọ̀, àwọ̀ kọ́ ni ẹ́ńjìnnì ń mu.”