Ìtọ̀ Ìyàwó Nínú Ìgò Ọkọ

Òótọ́ ni ìtàn yìí, mo búra. Bí mo bá purọ́, kí ṣòkòtò mi ya láàárín ọjà. Ó dára, ẹ jẹ́ kí n sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́ tán. Ibì kan wà níbẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi tún ṣe.

Ọkùnrin kan wà tí ẹ̀tẹ̀ mú. Nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn tí yóò lò fún ọdún kan gbáko, ó sì ní kí ó máa gbé ìtọ̀ rẹ̀ wá lóṣooṣù fún àyẹ̀wò. Oṣù méjì péré ló lò ó. Nígbà tó rí i pé oògùn náà ń mú kí ara òun dúdú, tí àwọn aládùúgbò sì ń wo òun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki oògùn náà bọ inú òrùlé. Ọ̀fẹ́ mà ni wọ́n ń fún un o!

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé, ẹ̀rù bà á. Ó rò pé àrùn nìkan ni wọ́n ń wá nínú ìtọ̀, kò mọ̀ pé wọ́n ń wá oògùn pẹ̀lú. Ló bá bu ìtọ̀ ìyàwó rẹ̀ nínú póò sínú ìgò tirẹ̀, nítorí pé ara obìnrin náà dá ṣáṣá, ó gbé e lọ.

Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ó pòṣé.

“Bàbá, ẹ ò lo oògùn yín.”

“Mo lò ó o! Ẹ tún un wò. Ìtọ̀ yìí mọ́ ju omi kànga yín lọ.”

“Oògùn kankan ò sí níbẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ ló wà níbẹ̀.”

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. “Irọ́ ni! Ìtọ̀ yẹn ò lè ní…” Ó ti rántí ẹni tó ni ìtọ̀.

Bí ó bá dákẹ́, ìka ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ yóò máa kú lọ, kò ní mọ ìrora mọ́. Bí ó bá sọ̀rọ̀, gbogbo àwọn tó jókòó síta yóò mọ ohun tó ṣe. Ó jáde. Ó dé ẹnu géètì, ó padà wọlé.

“Nọ́ọ̀sì, ìtọ̀ ìyàwó mi ni.”

“Ẹ lọ mú un wá kíákíá. Kí ẹ sì mú ìtọ̀ tiyín náà wá, ẹ má lọ bu ti ewúrẹ́ o!”

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń tan ẹni tó fẹ́ wò yín sàn, ọ̀rọ̀ yín ti sú mi. Ẹ rò pé nọ́ọ̀sì lẹ ń tàn. Ẹni tí ẹ jọ ń sùn lórí ẹní kan náà ni irọ́ yín ń pa lára. Ẹ lọ sọ òótọ́ lónìí.

Ibi tí mo fọwọ́ ara mi ṣe nìyí: ọkùnrin náà kò padà láti géètì. Ilé ló lọ. Ìyàwó rẹ̀ sì ti ń fi ọwọ́ lásán gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ó ń fi yangàn fún àwọn aládùúgbò pé iná kì í jó òun mọ́.