Àkọ́dé, Baálẹ̀ Ìlú Ẹnu

Ààlọ̀ o!
Ààlọ̀!

Ààlọ̀ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé orí ahọ́n ọmọ jòjòló, ó dá lórí Àkọ́dé, baálẹ̀ ìlú Ẹnu.

Ẹ̀yin ọmọ, kòkòrò ni Àkọ́dé. Ó kéré débi pé bí ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ bá jókòó sórí èékánná yín, ẹ ó ní èékánná yín mọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó kéré.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bí Ìbídùn, ẹnu rẹ̀ ṣófo. Ìyá rẹ̀ gbé e mọ́ra, ó fẹnu kò ó lẹ́nu, pẹ́ẹ́! Àkọ́dé bá bọ́ láti ẹnu ìyá sórí ahọ́n ọmọ. Ó wo ọ̀tún, erìgì. Ó wo òsì, erìgì. Ó ní, "Ó dáa. Èmi ni baálẹ̀ ibí." Kò sẹ́ni tó ta kò ó, nítorí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Ó mu wàrà, ó bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ bo ahọ́n bí ẹní. Ó wá ṣòfin kan: àlejò tó bá dé, kó wá dọ̀bálẹ̀ fún baálẹ̀ kó tó kọ́lé. Òfin ńlá ni o. Bí baálẹ̀ bá fún ọmọlúàbí nílẹ̀, ìlú á tòrò. Bó bá fún ọ̀bàyéjẹ́, ìlú á wó.

Nígbà tí Ìbídùn pé oṣù mẹ́fà, eyín méjì yọ, ṣọnṣọ! Ìyá Àgbà tọ́ ẹ̀kọ gbígbóná wò kó tó fún un mu, àlejò kan sì bá ẹ̀kọ náà wọlé. Lẹ̀mọ́ lorúkọ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Baálẹ̀, ẹ kú ìjókòó o."

"O káàbọ̀. Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Mo mọ̀ ọ́n lẹ̀ mọ́ nǹkan líle."

"Máa lọ sórí eyín."

Nígbà tí Ìbídùn pé ọdún kan, Ìyá Àgbà rún ẹran lẹ́nu, ó fi bọ́ ọ. Sápamọ́ bá ẹran náà wọlé. Òun náà dọ̀bálẹ̀.

"Baálẹ̀, afẹ́fẹ́ ń yọ mí lẹ́nu."

"Wọ àárín eyín lọ, ibẹ̀ há."

Ìlú kún, ìlú tòrò.

Nígbà tí Ìbídùn pé ọdún mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàbá dúdú, súìtì àgbọn, pa mọ́ sẹ́rẹ̀kẹ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Nígbà náà ni Ajádùn dé. Ẹni yìí kò dọ̀bálẹ̀ lásán. Ó yí gbiri lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá dá orin. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló kọ́kọ́ délẹ̀ yìí o?
*Àkọ́dé!*
Ta ló gúnwà lórí ahọ́n?
*Àkọ́dé!*
Ta ló ń fún àlejò nílẹ̀?
*Àkọ́dé, ọba ni ọ́ o, Àkọ́dé!*

Orí baálẹ̀ wú. Lẹ̀mọ́ sọ ọ́ sí i létí pé, "Baálẹ̀, ẹni yìí ń rùn kíkan o."

"Dákẹ́! Ṣé ìwọ kọrin nígbà tó o dé?"

Ó kó Lẹ̀mọ́ kúrò lórí eyín iwájú, ó fi jíǹkí Ajádùn. Ajádùn jẹ súìtì, ó tu omi kíkan sórí eyín, ṣìì! Eyín hó. Ará ìlú wá fẹjọ́ sùn. Ajádùn dá orin, baálẹ̀ gbàgbé ẹjọ́. Eyín dúdú. Wọ́n tún wá. Ó dá orin, baálẹ̀ ń jó. Eyín lu. Wọ́n tún wá. Baálẹ̀ ló dá orin fúnra rẹ̀.

"Yéè, eyín mi!" Ìbídùn figbe ta.

Ìyá Àgbà ní, "Ta ló ń fún ọ ní bàbá dúdú?"

"Ẹ̀yin náà ni, Ìyá Àgbà."

Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wá pákò kiri.

Nígbà tí Ìbídùn pé ọdún mẹ́fà, eyín náà ń mì, gẹ̀ẹ̀, gẹ̀ẹ̀. Ajádùn ránṣẹ́ pé, "Kábíyèsí, ẹ wá ṣílé fún mi."

Lẹ̀mọ́ bẹ̀ ẹ́: "Baálẹ̀, ẹ dákun, ẹ má lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń mì."

"Ó ń jó fún mi ni."

Ó gbéra lọ sórí eyín náà. Bó ti jókòó báyìí, kọ́! Eyín já. Ìbídùn ṣa òkúta mẹ́fà, iye ọdún rẹ̀, ó dì í pọ̀ mọ́ eyín, ó sọ gbogbo rẹ̀ sórí òrùlé kí alángbá má baà rí àlàfo ẹnu rẹ̀, nítorí wọ́n ní bó bá rí i, eyín tuntun kò ní yọ. Gbàrà! lórí páànù.

Nílùú Ẹnu, eyín tuntun yọ. Àwọn ọmọ Àkọ́dé wà lórí ahọ́n, Lẹ̀mọ́ kọ́lé tuntun, pákò ń gbálẹ̀ láràárọ̀.

Lórí páànù, oòrùn mú. Ajádùn wá súìtì títí, kò rí, ó gbẹ. Alángbá kan yọ, ó tóbi bí òkè, ó dúró níwájú Àkọ́dé, ó mi orí sókè, ó mi orí sílẹ̀.

Àkọ́dé tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. Ó ní, "O káàbọ̀. Ibo lo fẹ́ kọ́lé sí?"

Ibẹ̀ ni ààlọ̀ mi sùn sí. Bí mo bá parọ́, kí pákò ṣẹ́ sí mi lẹ́nu.

Ẹ̀kọ́ tó kọ́ wa ni pé kì í ṣe gbogbo kòkòrò ẹnu ni ọ̀tá. Àwọn rere wà tó ń bá wa ṣọ́ ìlú. Ẹ má fi àdídùn sílẹ̀ lẹ́nu fún àwọn búburú, ẹ máa fọ eyín yín. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń kọrin kì yín, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó fẹ́ gbà.