Bí Ajá Ṣe Fi Pupa Gba Imú

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ panu mọ́, mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà láéláé, nígbà tí imú ajá ṣì kúrú tí kò lè gbóòórùn kọjá ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta ló ń gbé inú ojú ẹranko. Ọ̀kan ń ṣọ́ pupa, ọ̀kan ń ṣọ́ àwọ̀ ewé, ọ̀kan ń ṣọ́ àwọ̀ aró. Ọ̀bọ nìkan ló ní méjì. Kò ní ẹ̀ṣọ́ pupa, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ gùn gbọọrọ, kò sì sí òórùn tó lè sá pamọ́ fún un.

Ajá kan wà, ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ara ọmọ náà pọ́n bí ẹni fi osùn kùn ún, wọ́n sì ń pè é ní Olósùn. Ìyá rẹ̀ a máa wò ó títí, inú rẹ̀ a máa dùn ṣìnkìn. "Ẹ wá wo ọmọ, ẹ̀yin ará!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ẹkùn lé Olósùn wọ igbó. Ẹ̀gún ya ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ lórí ewé, ó ń sáré. Àfi ṣààà! Òjò dé, ó fọ gbogbo ẹ̀jẹ̀ lọ.

"Mo gbé! Ọmọ mi dà?"

Ọ̀bọ wà lórí igi àgbálùmọ̀, ó di inú mú. Àgbálùmọ̀ tí kò pọ́n ló tún jẹ. Òórùn èyí tó pọ́n gba gbogbo orí igi, àmọ́ ojú tí kò rí pupa, ibo ló ti fẹ́ mọ èyí tó máa já?

"Ìyá Olósùn," ni Ọ̀bọ wí, "ọmọ yín ò tíì kú. Mò ń gbóòórùn rẹ̀. Mò ń gbóòórùn Ẹkùn náà, ó ń sún mọ́ ọn."

"Bàbá Ọ̀bọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi débẹ̀!"

"Kí n sọ̀ kalẹ̀ fún Ẹkùn? Ẹ̀mí mi ò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ gba imú mi, kí ẹ fún mi ní ẹ̀ṣọ́ pupa yín. Inú rírun fẹ́ pa mí níbí."

"Ṣé ẹ ó dá a padà?"

"Rárá o. Ohun tó bá ti kúrò lójú kì í padà síbẹ̀."

Ajá dúró. Pupa ara Olósùn ló ń rò. Ta ni yóò máa bá a wò ó? Igbe kékeré kan dún lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì dákẹ́ lójijì.

"Ẹ gbà á! Ẹ gbà á kíá!"

Ó di ojú, ẹ̀ṣọ́ pupa jáde lọ sójú Ọ̀bọ, imú gígùn Ọ̀bọ sì di tirẹ̀. Nígbà tó la ojú, àgbálùmọ̀ tó pọ́n àti ewé ti di bákan náà. Àmọ́ òórùn! Òórùn ilẹ̀ tútù, òórùn Ẹkùn, òórùn wàrà lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Ó sáré tẹ̀ lé e.

Ó dé ìdí igi kan, ewé gbígbẹ kún ibẹ̀. Ó wò, kò rí ọmọ, nítorí ara Olósùn àti ewé gbígbẹ ti di bákan náà lójú rẹ̀. Ó ń gbóòórùn Ẹkùn lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, kò wẹ̀yìn. Ó ti imú bọ inú ewé, ó fi ẹnu fa ọrùn Olósùn yọ, ó fò lọ. Ewé lásán ni èékánná Ẹkùn bá.

Nígbà tí wọ́n délé, ó wo ọmọ rẹ̀ títí. Àwọ̀ koríko gbígbẹ ló rí.

"Màámi, ṣé ẹ ò mọ̀ mí mọ́ ni? Èmi Olósùn ni."

Omi bọ́ lójú ìyá rẹ̀. Ó fi imú kan ọrùn ọmọ náà, ó fa òórùn rẹ̀ sínú. "Mo mọ̀ ọ́," ló wí.

Láti ọjọ́ náà ni imú ọ̀bọ ti rí pẹlẹbẹ, tó sì ń mọ èso tó pọ́n. Àwa ènìyàn náà ní ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta, àmọ́ nígbà mìíràn wọ́n á bí ọmọkùnrin tí ẹ̀ṣọ́ pupa ò sí lójú rẹ̀. Bó bá ní ata tó pọ́n àti ewé rẹ̀ ò yàtọ̀, ẹ má fi í ṣẹ̀sín o, ojú rẹ̀ ò fọ́. Láti ọjọ́ náà sì ni ajá, bó ti wù kó mọ̀ ọ́ tó, kì í gbà pé ìwọ ni, àfi tó bá kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ.