Dẹ Ìdérí Táǹkì Kí O Tó Wá Ọ̀tá Lọ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ ní Àgó Òdán tí kì í yé àlejò. Bí ẹnì kan bá jókòó tó ń ka orúkọ àwọn tó gbà pé wọ́n ń lépa òun, tó ní ti ìsàlẹ̀ ilé ò fẹ́ kí òun là, ti òkè ilé ń gbẹ́ kòtò de òun, àgbà tó bá wà nítòsí á rọra mi orí, á ní, "Dẹ ìdérí táǹkì kí o tó wá ọ̀tá lọ." Àlejò á wo ẹnu àgbà náà títí. Kí ló pa ìdérí táǹkì pọ̀ mọ́ ọ̀tá? Ẹni tí wọ́n ń bá wí lè máà ní kẹ̀kẹ́, áńbọ̀sì ọkọ̀. Táǹkì wo ni wọ́n ní kó lọ dẹ ìdérí rẹ̀?

Àwọn tí wọ́n bí sí Àgó Òdán mọ agbo ilé tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Agbo ilé Àjàgbé ni.

Àjàgbé àti Ládòkun, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Nígbà tí baba wọn kú, ọkọ̀ akẹ́rù kan ló fi sílẹ̀ fún wọn. Ọkọ̀ náà ti gbó. Okùn ni wọ́n fi ń so ilẹ̀kùn rẹ̀ kan, ìjókòó rẹ̀ sì ti fàya débi pé àpò ìrẹsì ni wọ́n tẹ́ sórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ló ń kó tòmátì, ata àti iṣu Àgó Òdán lọ sí ọjà Ṣakí. Bí Àjàgbé bá wà á lónìí, Ládòkun á wà á ní ọjọ́ ọjà mìíràn, kò sì sí ìjà.

Ìgbà kan wá dé tí epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú. Àwọn olè bẹ̀rẹ̀ sí í ti rọ́bà bọ inú táǹkì ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, wọ́n á fà á gbẹ. Wọ́n fa ti Àjàgbé náà. Ó jí láàárọ̀, ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ ọkọ̀, ọkọ̀ ò dún. Inú bí i débi pé kò lè jẹun. Ó ṣí ìdérí táǹkì, ó yí i wò, ó rí ihò tín-ín-rín kan láàárín rẹ̀, bí ibi tí abẹ́rẹ́ gbà kọjá.

"Áà, ẹ wo ibi tí epo mi tún ń gbà lọ bí oòrùn bá mú," ló wí.

Ó gbéra, ó di ọ̀dọ̀ ajórin. Ó ní kó bá òun fi irin tó nípọn ṣe ìdérí mìíràn. Ajórin ṣe é, ó fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ ṣẹ́po méjì sí abẹ́ rẹ̀, ó sì jó ojú ibi tí wọ́n á ti fi àgádágodo kọ́ ọ. Bí Àjàgbé bá ti yí i tán, èèrà ò rí ibi wọ̀. Ó so kọ́kọ́rọ́ àgádágodo mọ́rùn bí ońdè. Níbi tí ìfura sì ti wọ̀ ọ́ lára, ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà lọ́wọ́ Ládòkun.

"Ọwọ́ ẹnì kan ni kó máa wà láti òní lọ," ló sọ.

Ládòkun kàn gbé àdá rẹ̀, ó gba oko lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Ọjọ́ ọjà ni. Tòmátì kún ẹ̀yìn ọkọ̀ dé ẹnu, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti Ìyá Lámidì, opó kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju oko tòmátì rẹ̀ lọ. Òun ló jókòó níwájú pẹ̀lú Àjàgbé. Wọ́n kọjá odò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àfi bí ọkọ̀ ṣe wúkọ́. Ó gbọ̀n, ó tún wúkọ́, ó dákẹ́.

"Àjàgbé, ṣé kì í ṣe epo ló tán?"

"Ìyá Lámidì, àárọ̀ yìí ni mo rọ ọ́ kún."

Ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó tẹ ibí, ó fa ọ̀hún. Nígbà tó ti ṣe díẹ̀, ó padà wọlé, ó ṣáná sí i, ọkọ̀ sì dún kíkankíkan bíi pé kò sí ohun tó ṣe é. Wọ́n lọ díẹ̀ sí i, ó tún kú. Bí wọ́n ṣe ń dúró tí wọ́n ń rìn nìyẹn títí oòrùn fi dé àtàrí. Kí wọ́n tó wọ Ṣakí, àwọn oníbàárà tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá ti ra tiwọn lọ, omi tòmátì sì ti ń kán gba abẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń sá tòmátì gbẹ ló kó ti Ìyá Lámidì ní owó pọ́ọ́kú. Obìnrin náà ò bú Àjàgbé. Ó kàn ń nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, èyí sì dun Àjàgbé ju èébú lọ.

Ó wa ọkọ̀ náà sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé, ó bọ́ ẹ̀wù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ epo ni, nítorí ọkọ̀ tí epo ò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń wúkọ́ bẹ́ẹ̀ kó tó kú. Ó yọ asẹ́ epo, ó ra tuntun sí i. Ó tú kabúrétọ̀ tó ń po epo pọ̀ mọ́ atẹ́gùn, ó fọ̀ ọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí gbogbo ihò rẹ̀. Ó ṣí pọ́ńpù tó ń fa epo, ó pààrọ̀ awọ inú rẹ̀. Ó ṣáná sí i níwájú ilé, ó dún dáadáa. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé òkè ẹ̀yìn odò yẹn, ó di kí ó wúkọ́. Àwọn kan ní nǹkan wà lórí òkè náà. Àwọn mìíràn kó ẹrù wọn lọ fún ọlọ́kọ̀ ìlú kejì.

Àárín ìgbà yìí ni Àjàgbé rí ohun tó rí. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, bó ṣe ń ti balùwẹ̀ bọ̀, ó rí Ládòkun tó lóṣòó ti ọkọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí táǹkì wà gan-an. Gbogbo ohun tí kò yé e láti ọjọ́ yìí wá tò lójú rẹ̀: àbúrò òun ń bínú nítorí kọ́kọ́rọ́. Kò sun dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pe Ládòkun síta, lójú ìyàwó, lójú ọmọ.

"Ládòkun, kí lo dà sínú epo mi? Iyanrìn ni àbí ṣúgà?"

Ládòkun kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. "Ẹ̀gbọ́n mi, ewúrẹ́ mi ló wọ abẹ́ ọkọ̀. Mo fẹ́ fà á jáde ni."

"Ewúrẹ́!"

"Kọ́kọ́rọ́ táǹkì ńkọ́? Ṣebí ọrùn yín ló wà. Ibo ni mo fẹ́ gbà da nǹkan sí i?"

Ìbéèrè yìí yẹ kó mú Àjàgbé dúró, ṣùgbọ́n ẹni tí ìbínú ti gùn kì í gbọ́ ìbéèrè. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìkà kì í wá kọ́kọ́rọ́. Mo ti mọ ọ̀tá mi."

Ládòkun wò ó lójú. Lẹ́yìn náà ló wo àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ó dáa," ló wí. "Ọ̀tá kì í bá ènìyàn gbé. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, màá kó àwọn ará ilé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn àna mi."

Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí Àwẹ̀ró, ìyàwó Àjàgbé, bẹ ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, etí ikún ló kọ sí i. "Bàbá Ìbídùn, ọmọ ìyá yín ni o. Ọmú kan náà lẹ mu." Ṣùgbọ́n Àjàgbé náà mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé nǹkan kan ń ya.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí Ládòkun ń di ẹrù lọ́hùn-ún, Àjàgbé tún lọ bá ọkọ̀. Ó ní òun fẹ́ fi ojú òun rí iyanrìn tàbí ṣúgà náà, kí òun lè fi han gbogbo ayé. Ó ṣáná sí ọkọ̀, ó jẹ́ kó máa dún lójú kan láìrìn. Ó dúró tì í. Ó pẹ́ kó tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀: ọkọ̀ wúkọ́, ó kú. Kíá ló wọ abẹ́ rẹ̀, ó yọ rọ́bà tó ń gbé epo bọ̀ láti táǹkì. Epo kán tó, ó kán tó, ó dáwọ́ dúró. Ó gbá táǹkì, ohùn rẹ̀ rinlẹ̀. Táǹkì kún, rọ́bà gbẹ.

Ó fi ẹnu sí rọ́bà, ó fẹ́ ẹ. Ó gbọ́ bí epo ṣe ń hó nínú táǹkì, kò sí ohun tó dí ọ̀nà. Bó ṣe yọ ẹnu báyìí, epo tú jáde, ó rin ín láyà. Ó gba epo náà sínú ike, ó tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka: kò sí iyanrìn, kò lẹ̀. Bó ṣe ń wò ó lọ́wọ́, èyí tó ń tú jáde náà fàsẹ́yìn, ó di tó, tó, ó tún dá. Ọ̀rọ̀ náà dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó jáde, ó jókòó sórí táyà, ó fọwọ́ lẹ́rán.

Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, Àwẹ̀ró ń ṣètò àtidín àkàrà tí Ládòkun àti ìdílé rẹ̀ yóò mú dání lọ sí ìrìn àjò. Ó ti lu agolo òróró tuntun ní ihò kan, ó dorí rẹ̀ kodò sínú ìkòkò, ṣùgbọ́n òróró náà kàn ń ṣe gbì, gbì, kò fẹ́ jáde. Àwẹ̀ró pòṣé. Ó gbé agolo sílẹ̀, ó mú ìṣó, ó lu ihò mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bó ṣe dà á báyìí, òróró ń ṣàn gbọọrọ.

Àjàgbé dìde láìmọ̀ pé òun dìde.

"Àwẹ̀ró, kí lo ṣe sí i?"

"Kí ni mo ṣe sí kí ni?"

"Òróró yẹn. Kò jáde tẹ́lẹ̀."

Àwẹ̀ró wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ fẹ́ dàrú. "Bàbá Ìbídùn, bí atẹ́gùn ò bá ráyè wọlé, báwo ni òróró ṣe fẹ́ ráyè jáde?"

Àjàgbé ti dé ẹ̀gbẹ́ táǹkì. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ lọ́rùn, ó ṣí àgádágodo, ó di ìdérí mú. Ìdérí ò yí. Ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan di í mú láti inú. Ó fi àkísà bò ó, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí i pẹ̀lú agbára, ó sì gbọ́ ọ: *fíììììì*. Táǹkì fa èémí gígùn kan, bí ẹni tí wọ́n rì sínú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí. Lábẹ́ ọkọ̀, epo bẹ̀rẹ̀ sí í tú láti ẹnu rọ́bà, kò sì dáwọ́ dúró mọ́.

Ó sáré so rọ́bà padà. Ó rọra gbé ìdérí lé táǹkì lórí, kò fún un. "Wọlé!" ló ké sí Àwẹ̀ró, Àwẹ̀ró sì wọlé pẹ̀lú ẹ̀wà lílọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n kọjá odò. Wọ́n kọjú sí òkè. Ọkọ̀ gun òkè náà láìwúkọ́, ó dé orí rẹ̀, ó tún sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì, ó ń kùn bí agbọ́n. Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí Àjàgbé máa yí ọkọ̀ padà, ó rí i pé omi ń bọ́ lójú òun, ìtura tó sì bá a kì í ṣe ti ọkọ̀ nìkan. Ẹnikẹ́ni ò dọdẹ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ò kórìíra rẹ̀. Inú ayé tó ti há mọ́ ọn láti ọjọ́ yìí wá tún gbòòrò.

Ẹrù Ládòkun ti wà níta nígbà tí wọ́n dé. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé wọn. Àjàgbé sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣí fìlà lórí, ohun tí ẹ̀gbọ́n kì í ṣe fún àbúrò.

"Ládòkun, kì í ṣe ìwọ."

"Mo ti sọ fún yín pé kì í ṣe èmi."

"Èmi ni." Ó yọ ìdérí náà lórí táǹkì, ó nà án sí i. "Mo dé e pa."

Ládòkun gbà á. Ó wo irin tó nípọn, ó tẹ rọ́bà abẹ́ rẹ̀, ó gbé e sójú oòrùn, ó wá ihò tì, kò rí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n ní èjìká. "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ fún ọkọ̀ baba wa lọ́rùn!" Gbogbo agbo ilé bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, ojú rẹ̀ tún le.

"Ẹ pè mí ní ọ̀tá lójú àwọn ọmọ mi."

"Mo pè ọ́ bẹ́ẹ̀," ni Àjàgbé wí. "Ojú wọn náà ni mo fi ń bẹ̀ ọ́. Má bínú, ọmọ ìyá mi." Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. "Ìyá Lámidì ti tún ká tòmátì. Ìwọ ni kó o wà á lọ."

Ládòkun ń yí kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ ò dúró dè é kó sọ̀rọ̀. Ó ti gbé igbá aṣọ kan lórí, ó ń gbé e padà wọlé. Àwẹ̀ró ní kí wọ́n jókòó o, àkàrà tí òun fẹ́ dín fún ìrìn àjò, ilé ni wọ́n á ti jẹ ẹ́.

Ajórin lu ihò kékeré kan sí àárín ìdérí náà. Àgádágodo ṣì wà níbẹ̀, nítorí olè ò tíì tán láyé, ṣùgbọ́n táǹkì ń mí. Ládòkun gbé tòmátì Ìyá Lámidì dé Ṣakí kí ìrì ọjọ́ náà tó gbẹ tán, àwọn oníbàárà sì dù ú lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń sọ ẹrù kalẹ̀, ọkùnrin kan ń ké tantan pé ata òun ò so lọ́dún yìí, pé ọwọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun wà níbẹ̀. Ìyá Lámidì, tí Ládòkun ti ròyìn ọ̀rọ̀ ìdérí náà fún lójú ọ̀nà, gbọ́ ọ títí. Ó bi í bóyá ó bomi rin ata náà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ọkùnrin náà ní òjò ni òun ń dúró dè.

"Ọmọ mi," ni Ìyá Lámidì wí, "dẹ ìdérí táǹkì kí o tó wá ọ̀tá lọ."

Ládòkun rẹ́rìn-ín débi pé apẹ̀rẹ̀ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ròyìn rẹ̀ délé, àwọn ará ilé gbé e dé ojúde, ojúde gbé e kárí ìlú. Àjàgbé fúnra rẹ̀ a máa sọ ọ́, kì í sì í tì í lójú. Bí wọ́n bá wí fún ọ báyìí ní Àgó Òdán, wọn ò bú ọ, wọn ò sì sọ pé ọ̀tá ò sí láyé. Wọ́n ní kó o kọ́kọ́ wo ohun tí ọwọ́ ara rẹ fún pa, nítorí ó lè jẹ́ pé ọmọ ìyá rẹ lo fẹ́ lé jáde nílé lórí ihò abẹ́rẹ́. Dẹ ìdérí táǹkì kí o tó wá ọ̀tá lọ.