Ọdẹ́wálé Nínú Igbó Ìtanù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ fún mi létí, nítorí ìtàn tí mo gbé wá yìí ní iwin nínú, ó ní odò tó ń hó láìsí iná, ṣùgbọ́n ohun tó bani lẹ́rù jù nínú rẹ̀, inú ilé baba ẹni ló wà.

Ọdẹ́wálé, ọdẹ ìlú Agbédò, akọni tí í lé ẹfọ̀n tí ẹfọ̀n fi ń wá ihò eku sá wọ̀! Ọdún méje ni ìbínú fi jókòó sí i láyà bí òkúta ààrò tí kò tutù rí. Wọ́n ní àwọn adẹ́tẹ̀ inú Igbó Ìtanù pa Àjàgbé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo. Bàbá wọn, tó jẹ́ bàbá ìjọ, gbé pósí wálé, wọ́n kọrin, wọ́n sin ín, ẹnikẹ́ni kò ṣí ìdérí wò. Níkẹyìn Ọdẹ́wálé pọ́n àdá, ó gbé epo àti iṣáná, ó ní òun yóò sun igbó náà tòun tàwọn tó ń gbé inú rẹ̀.

Ó dé etí odò tó ń hó. Níbẹ̀ ni Olójúméje wà, iwin gàgàrà, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ bí ìtàkùn.

"Ta lò ń wá, ọmọ ènìyàn?"

"Àwọn tó pa ẹ̀gbọ́n mi!"

Iwin rẹ́rìn-ín títí ewé fi ń já. "Mo ti ń ṣọ́ odò yìí kí baba ńlá rẹ tó hu eyín. Ẹlẹ́kún ni mo rí tó ń kọjá, n kò rí apànìyàn kan. Padà sílé, kí o lọ bi àwọn ará ilé rẹ."

Ṣùgbọ́n ẹni tí ìbínú ń gùn bí ẹṣin, ta ni í gbọ́ ìkìlọ̀? Wọ́n jà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, títí itan Ọdẹ́wálé fi kán bí igi gbígbẹ, tí iwin sì jù ú sódìkejì odò bí ẹni ju èèpo iṣu.

Ẹnu ọ̀nà ibùdó àwọn adẹ́tẹ̀ ló balẹ̀ sí. Ọkùnrin kan tí kò ní ìka, tí àrùn ti jẹ imú rẹ̀, fi apá méjèèjì gbá igbá omi mọ́ra, ó tọ̀ ọ́ wá.

"Má sún mọ́ mi, ẹlẹ́gbin! Mo máa bẹ́ ọ lórí!"

"Itan kán, ẹnu kò kán," ni ọkùnrin náà wí. "Bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe ń han nígbà tí mo ń pọ̀n ọ́ lọ sóko, Ọdẹ́wálé. Mumi."

Àjàgbé ni! Ọdẹ́wálé wo igbá, ó wo ọwọ́ tí kò ní ìka, ẹ̀rù bà á ju ti iwin lọ. Ṣùgbọ́n ó mu ún, omi náà sì dùn bí omi yòókù. Àwọn tí Ọdẹ́wálé wá dáná sun gan-an ló di itan rẹ̀, tí wọ́n sì bọ́ ọ títí ó fi rìn. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni bàbá wọn tẹ́ sínú pósí, nítorí àṣà ìkọ̀kọ̀ àwọn àgbà Agbédò ni pé ilé tí ẹ̀tẹ̀ bá wọ̀ yóò sin ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, yóò sì lé alààyè sígbó.

Ìbínú Ọdẹ́wálé yí ojú padà, ilé ló kọjú sí. Ó pọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó mú àdá lọ́wọ́; iwin rí ojú rẹ̀, ó yà lọ́nà. Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n wọlé, bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ti iyán.

"Òkú kì í wọ ilé mi!" ni bàbá pariwo.

Ọdẹ́wálé gbé àdá sókè.

"Ẹ kú ilé, bàbá," ni Àjàgbé wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ebi ń pa mí."

Ọdẹ́wálé sọ apá kalẹ̀, ó sì ju àdá nù. "Ẹ̀san tèmi nìyí, bàbá. Ọmọ yín kò ní ìka tó lè fi bu òkèlè. Ẹ fi ọwọ́ yín bọ́ ọ, tàbí kí ẹ má dárúkọ Jésù létí mi mọ́."

Bàbá bu òkèlè àkọ́kọ́, ó já bọ́. Ó bu èkejì, ó tẹ̀ ẹ́ bọ ọbẹ̀, omijé ń kán sínú abọ́, Àjàgbé sì la ẹnu.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, Olúwa wa kò dúró lókèèrè ju oúnjẹ sí adẹ́tẹ̀, ọwọ́ ló fi kàn án. Bí o bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni ìtanù síta, wo ẹ̀yìn rẹ dáadáa, bóyá Olúwa ṣì kù sínú ilé pẹ̀lú rẹ.